Ẹ̀rọ Ìkọ̀wé àti Àmì Orí Lẹ́tà

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò lórí ètò yìí kéré lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó. Ó dá lórí àwọn àmì tí à ń fi sí orí àti sí abẹ́ lẹ́tà nígbà tí a bá ń kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, àti ohun tí ojú àwọn àmì náà ti rí lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń kọ̀wé, láti orí tapuráítà títí dé orí fóònù tí ó wà lápò tolórí-tẹlẹ́mù lónìí. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ èdè nìkan ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi fóònù kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ránṣẹ́ sí ará ilé rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Bí ọmọ kan tí ó wà ní Èkó bá fi fóònù kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ ní ìlú Ọ̀wọ̀, tí ohun tí ó hàn lójú fóònù sì jẹ́ “Maami, owo ti mo so nko?”, kí ni ìyá yóò kà? Ó lè kà á ní owó, èyí tí à ń ná. Ó lè kà á ní òwò, èyí tí à ń ṣe. Ó lè kà á ní ọwọ̀, èyí tí à ń fi gbálẹ̀. Ọwọ́ tí à ń fi jẹun àti ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí àgbà tún ń bẹ lẹ́yìn, kí a tó wá ka orúkọ ìlú tí ìyá náà ń gbé mọ́ ọn. Ìyá yóò gbà pé owó ni, nítorí pé ó mọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó fi kà á kò sí nínú ohun tí a kọ. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà fún ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, tí ó ń kọ́ èdè àwọn òbí rẹ̀, kò ní mọ ibi tí yóò ti mú un.

Àwọn tí ń sọ pé àyíká ọ̀rọ̀ tó láti tú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ kò parọ́ tán. Àgbàlagbà tí ó gbọ́ èdè dáadáa lè ka odidi ojú ìwé tí kò ní àmì kankan kí ó sì yé e. Àmọ́ àyíká ọ̀rọ̀ kì í gba ènìyàn sílẹ̀ bí ó bá kan orúkọ. “Ede” tí a kọ láìní àmì lè jẹ́ Ẹdẹ tí í ṣe ìlú, ó lè jẹ́ èdè tí à ń sọ, ó sì lè jẹ́ edé tí à ń fi sebẹ̀. Nínú ìwé ilẹ̀, nínú àkójọ orúkọ, ní ara àwòrán ilẹ̀, ọ̀rọ̀ máa ń dá dúró ni. Kò sí gbólóhùn tí ó yí i ká tí yóò tọ́ òǹkàwé sọ́nà.

Àwọn àmì wọ̀nyí ti pẹ́. Ní 1875 ni ìjọ C.M.S. pe ìpàdé kan ní Èkó láti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1874, ni iléeṣẹ́ Remington ní Amẹ́ríkà gbé tapuráítà jáde fún títà. Ohun méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí àkókò kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò gbúròó èkejì. Ọ̀nà ìkọ̀wé tiwa yí padà lẹ́yìn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe ìwé lórí àkọtọ́ ní 1965, àwọn ìgbìmọ̀ sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, títí a fi fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. “Aiye” di ayé, “ẹiyẹ” di ẹyẹ, “nwọn” di wọ́n. Àmì abẹ́ lẹ́tà kò kúrò ní tirẹ̀, nítorí pé ẹ, ọ àti ṣ wà ní àyè ara wọn nínú lẹ́tà 25 tí ọmọ kékeré ń kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ o ní ipò ọ, lẹ́tà mìíràn ni ó kọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ b ní ipò d.

Tapuráítà tí ó wọ àwọn ọ́fíìsì wa, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, kò sì ní àmì ohùn kankan. A rí díẹ̀ tí wọ́n tún ṣe nítorí èdè wa, ṣùgbọ́n wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó kún ọ́fíìsì. Nítorí náà, akọ̀wé tí ó bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá ní láti ta ọgbọ́n. Bí ó bá tẹ o tán, yóò dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn lẹ́tà kan, yóò fi ọwọ́ yí igi róbà tí bébà wé mọ́ sókè díẹ̀, yóò tẹ àmì ìdánudúró sí abẹ́ o náà, yóò sì tún yí igi náà padà sí àyè rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin nìyẹn lórí lẹ́tà kan, a kò sì tíì dé orí àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ló wá rí i pé ó sàn kí a tẹ gbogbo ojú ìwé tán láìní àmì, kí a yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, kí a sì fi báírò to àmì sí i láti òkè dé ilẹ̀.

Ìyẹn náà ní ìyà tirẹ̀. Bí a bá fi bébà kábọ́ọ̀nù sáàárín láti rí ẹ̀dà mìíràn, àmì tí a fi báírò sí ojú ìwé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ó ti jáde nínú ẹ̀rọ kò lè dé ara àwọn ẹ̀dà yòókù. A ní láti mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tún bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí ó sì ní láti kó ẹ̀dà mẹ́rin sílẹ̀, mọ ohun tí èyí já sí: igba ojú ìwé lọ́nà mẹ́rin, pẹ̀lú báírò dúdú, nínú òru. Àmì yóò pé nínú ẹ̀dà kan, yóò fò nínú òmíràn. Ní ilé ìwé girama tí wọ́n ti ń lo sítẹ́ńsùlù fún ìbéèrè ìdánwò, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni olùkọ́ Yorùbá fi ń ha àmì sí ara ìda. Bí ó bá tẹ irin náà jù, ìda yóò ya, tàdáwà yóò sì dà sí ojú ìbéèrè bí ẹni da ọ̀dà. Ní gbogbo àkókò yìí, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní tábìlì kejì ti parí tirẹ̀, ó ti gba ilé lọ.

Ní ìhà Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ti Faransé ni tapuráítà wọn. Ẹ̀rọ náà ní é, è àti à, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ń lò wọ́n ní ilé. Kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Àkọtọ́ tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lónìí sì fi ɛ àti ɔ sí ipò ẹ àti ọ; tapuráítà Faransé kò mọ ìwọ̀nyí náà rí. Èyí fi hàn pé kì í ṣe àmì ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ kórìíra. Iye lẹ́tà tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ kà nínú èdè tirẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ní.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ènìyàn rò pé ìyà ti tán. Àwọ̀ ni ìyà náà pa dà. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, àtẹ kan sì wà tí a to àwọn nọ́ńbà náà sí kí ẹ̀rọ kan lè ka ohun tí ẹ̀rọ kejì kọ. Àtẹ tí wọ́n fi lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963, èyí tí a mọ̀ sí ASCII, ní àyè 128 péré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ ṣírò. Ní 1987, àtẹ mìíràn tí wọ́n ṣe nítorí àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù fẹ àyè náà dé 256. Nínú èyí, à àti á wọlé, è àti é wọlé, títí dé ù àti ú, nítorí pé Faransé, Potogí, Ítálì àti àwọn èdè mìíràn bẹ́ẹ̀ ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ kò wọlé. Àmì ohùn wá wà, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí àmì náà yóò gùn kò pé.

Ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn dá sí èyí ní àwọn ọdún 1990 ni kí wọ́n yí àwòrán lẹ́tà padà. Wọn yóò mú àmì kan tí wọn kò lò, bóyá àkámọ́ tàbí àmì owó ilẹ̀ òkèèrè, wọn yóò fi àwòrán ẹ sí ipò rẹ̀ nínú fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún ara wọn. Lójú ẹni tí ó ní fọ́ǹtì yẹn, ojú ìwé náà gún régé. Bí ó bá gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní i, àkámọ́ àti àmì owó ni yóò bá káàkiri inú ọ̀rọ̀ bí ìgbà tí kòkòrò bá wọ ẹ̀wà. Olùkọ́ kan sì lè ní fọ́ǹtì tirẹ̀ kí èkejì rẹ̀ nínú ẹ̀ka kan náà ní òmíràn. Bí a bá wò ó fínnífínní, sáà yìí burú ju ti tapuráítà lọ. Ojú ìwé tí a fi báírò sàmì sí ní 1975 ṣì ṣeé kà lónìí. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a fi irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ kọ ti di ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ pàápàá kò lè kà mọ́, àyàfi bí ó bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nígbà náà.

Ní 1991 ni àtẹ tuntun kan tí ó fẹ́ gba gbogbo èdè ayé bẹ̀rẹ̀, tí à ń pè ní Unicode. Lórí rẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ rí nọ́ńbà gbà. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń jẹ oúnjẹ orí àwo náà: èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè ilẹ̀ Íńdíà sì ń lo ṣ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó ń han Yorùbá léèmọ̀ títí di òní. Gbogbo àkànpọ̀ lẹ́tà àti àmì tí Vietnam ń lò ni ó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí àtẹ náà. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà fún ẹ ni a kọ́kọ́ ń kọ, kí a tó kọ nọ́ńbà mìíràn fún àmì òkè, kí ẹ̀rọ tó gbé èkejì lé èkíní lórí. Àwọn alákòóso àtẹ náà kì í sì í fi irú àkànpọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un mọ́.

Ètò yìí kò burú bí fọ́ǹtì bá dára. Níbi tí fọ́ǹtì kò bá dára, àmì yóò ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí ipò rẹ̀. Ìṣòro kejì ṣòroó rí ju ìyẹn lọ. Ènìyàn lè mú ọ kí ó fi àmì òkè sí i; ó sì lè mú ó kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ọ́ kan náà ni méjèèjì. Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Òfin wà tí ó ní kí a kà wọ́n sí ọ̀kan, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń pa òfin náà mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ní kí ẹ̀rọ bá òun wá “ọkọ́” nínú ìwé kan, kí ẹ̀rọ ní kò sí, kí ọ̀rọ̀ náà sì wà níwájú rẹ̀ tí ó ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí fóònù, nítorí ibẹ̀ ni àṣà tuntun ti ta gbòǹgbò. Ní 2001, nígbà tí fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, orí bọ́tìnì nọ́ńbà ni a ti ń kọ̀wé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ s ní láti tẹ bọ́tìnì 7 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àtẹ lẹ́tà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń lò ní à, è, ì, ò àti ù, ó sì ní é, ṣùgbọ́n kò ní á, í, ó tàbí ú, bí ẹni pé ohùn ìsàlẹ̀ ni Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò ní ẹ, ọ àti ṣ rárá. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160. Bí fóònù bá tilẹ̀ lè kọ ẹ, ní kété tí ẹ kan ṣoṣo bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò bọ́ sórí àtẹ mìíràn tí kò gbà ju lẹ́tà 70 lọ. Ẹni tí ó kọ ọgọ́rùn-ún lẹ́tà láìní àmì san owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ẹni tí ó fi ẹ kan sí i san ti méjì.

Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nìyí nígbà tí a bá ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ń kọ Yorùbá ní ìhòòhò lórí fóònù kò ṣe é nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n kọ. Owó ni wọ́n ń ṣọ́. Bákan náà ni kíkọ tí wọ́n ń kọ Ṣọlá ní “Shola” àti Ṣadé ní “Shade”: ẹni tí kò bá rí ṣ lórí bọ́tìnì yóò fi Gẹ̀ẹ́sì dí àlàfo.

Ṣùgbọ́n owó náà kò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi WhatsApp ránṣẹ́ kò ní ìdíwọ̀n lẹ́tà 70. Google ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá fún fóònù Android, Windows sì ní tirẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ ilé náà ti ṣiṣẹ́: Dókítà Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i ní Ìbàdàn, àti Kọ́lá Túbọ̀sún pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ gbé àkójọ orúkọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015, tí wọ́n sì pèsè kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ìhòòhò náà ni a ṣì ń kọ. Ó dà bí ẹni tí ó ti pẹ́ nínú ilé tí àtẹ́rígbà rẹ̀ kúrú, tí ó wá kó lọ sí ilé gíga, tí ó ṣì ń tẹrí ba kí ó tó wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ sílẹ̀ láìní àmì, olùkọ́ ń gbà á, bí a bá sì béèrè, àwọn méjèèjì yóò ní kọ̀ǹpútà kò gbà á. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ní 1990. Kì í ṣe òótọ́ mọ́.

A kò níí purọ́ pé ó yá. Dídi lẹ́tà mú kí àmì tó yọ máa ń dá ọwọ́ dúró, ó sì ń sú ẹni tí ọ̀rọ̀ ń kán lójú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ń sọ Yorùbá tí ó dán mọ́rán tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sí i rí. Àwọn wọ̀nyí ti rí ọ̀nà mìíràn: ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ báyìí. Ìyá tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ kò níí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó mọ́ bóyá owó ni tàbí ọwọ̀. Yóò fi fóònù sétí, yóò gbọ́ ọmọ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Àmọ́ a kò lè fi ohùn kọ ìwé ilẹ̀, a kò sì lè fi dáhùn ìdánwò. Fún olùkọ́, ó tọ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe ọ̀ràn àánú, nítorí lẹ́tà ni. Iṣẹ́ tí kò bá ní i ní àṣìkọ. Àmì ohùn ni a lè fi sùúrù kọ́ ọmọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ara rẹ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn lè yà sí ọ̀nà púpọ̀.

Sùúrù náà ní ìdí mìíràn. Ní December 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í lọ sí ilé ìwé. Inú ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni ó ti ń kọ́ èdè. Bí ọ̀pọ̀ ohun tí ó bá bá jẹ́ “owo” láìní àmì, yóò méfò ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe ètò tí yóò máa dá àmì padà sí ọ̀rọ̀ tí a kọ láìní i, iṣẹ́ gidi sì ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n inú ìwé tí ẹnìkan ti fara balẹ̀ fi àmì sí ni ètò yẹn náà ti ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku ibì kan tí kíbọ́ọ̀dù kò tíì ṣẹ́gun. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá pípé lórí kọ̀ǹpútà yóò rí i tí ẹ̀rọ fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé òbí rẹ̀ ṣi orúkọ sọ. Ìyẹn ṣì kéré. Bí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣí àkáǹtì tàbí láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ yóò dá a padà, yóò ní lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí òun kò mọ̀. Ẹ̀rọ mọ lẹ́tà náà. Nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lórí àtẹ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tí ó kọ ètò fọ́ọ̀mù náà ni ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti A dé Z nìkan ni kí ó gbà. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ lónìí, ní Èkó àti ní òkè òkun, a, b, d, e, ẹ sì ni púpọ̀ nínú wọn kọ́ ní ilé ìwé kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń tan kọ̀ǹpútà.